Ilẹ̀ Ajá, Ilẹ̀ Ènìyàn

Bí àwọn ènìyàn wa tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù bá wálé, tí wọ́n ń ròyìn ìlú òyìnbó, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣàì pa àwọn tí ń gbọ́ lẹ́rìn-ín. Wọn a ní ìjọba àdúgbò a máa ná owó gọbọi láti tún ilẹ̀ jágbajàgba ṣe; wọn a kó òkúta ilé àwókù kúrò níbẹ̀, wọn a da iyẹ̀pẹ̀ dúdú sí i, wọn a gbin koríko, kí onílé àti àlejò lè rí ibi tí wọn yóò ti máa mú ajá wọn rìn ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó gbọ́ a pàtẹ́wọ́, a ní ayé ti dé ibi tó dé: ènìyàn ń wá ilẹ̀ tí yóò kọ́lé sí, ajá ń rí pápá sáré. Bí ará Abereke bá wà láàárín àwọn tí ń gbọ́ ìròyìn náà, n kò rò pé òun ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Abereke wà ní etí òkun Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí omi yí ènìyàn ká, tí ẹrẹ̀ wà lábẹ́ omi, tí ẹrẹ̀ mìíràn sì tún wà lábẹ́ ẹrẹ̀. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò bèèrè ni ibi tí wọ́n ti rí ilẹ̀ náà, àti ẹni tí ó gbé iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà sí i wá.

Ìbéèrè tí ó ní láárí ni, ó sì ní ìtàn nínú. Ẹ jẹ́ kí a mú pápá kan tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ̀. Ní ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní Southwark, láàárín Camberwell àti Peckham, pápá ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Burgess Park. Àdúgbò yìí ni àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń rìn lọ ní títì Peckham yóò gbọ́ Yorùbá lọ́tùn-ún, yóò gbọ́ ọ lósì, yóò sì rí èlùbọ́ àti gàrí rà láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá rí pápá náà lónìí lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilé ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilé tí ó fún mọ́ ara wọn, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ àti odò kan tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èyí tí ọkọ̀ ń gbà kó pákó àti ẹrù mìíràn wọlé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì wó púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Ní ọdún 1943, nígbà tí ogun kò tíì parí, Patrick Abercrombie àti J. H. Forshaw kọ ètò tí wọn yóò fi tún Lọ́ńdọ̀nù ṣe, wọ́n sì sọ nínú rẹ̀ pé àwọn tálákà tí ń gbé irú àdúgbò báyìí kò ní gbangba tí wọ́n lè mí sí. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń wó o, tí wọ́n sì ń so ilẹ̀ pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Àwọn ọdún 1970 ni wọ́n tó dí odò àtọwọ́dá náà, wọ́n sì fi orúkọ Jessie Burgess, obìnrin tí ó ti jẹ́ olórí ìlú Camberwell rí, sọ pápá náà ní 1973. Ní 2012 ni wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní àtúnṣe ńlá tí ó gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 pọ́n-ùn. Ó tó hẹ́kítà 56. Bí a bá rántí pé pápá bọ́ọ̀lù kan kò tó hẹ́kítà kan, a ó mọ bí ó ti fẹ̀ tó.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn ju koríko lọ. Nígbà tí wọ́n dí odò, wọn kò wó ọ̀kan nínú àwọn afárá rẹ̀. Afárá onírin náà ṣì dúró láàárín pápá títí di òní olónìí, koríko lọ́tùn-ún, koríko lósì, kò sí ẹ̀kán omi kan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ajá a máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní etí òkun Ìlàjẹ, afárá pákó wà káàkiri láti ilé dé ilé, omi sì ni ó wà lábẹ́ gbogbo wọn. Ilẹ̀ gan-an ni ènìyàn yóò wá títí kí ó tó rí i.

Kí a tó máa rò pé ọ̀rọ̀ pápá àti ajá jẹ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó pátápátá, ẹ jẹ́ kí a yẹ èdè tiwa wò. Yorùbá kò fi ojú kan náà wo gbogbo ilẹ̀. Igbó yàtọ̀ sí ọ̀dàn, ọ̀dàn yàtọ̀ sí ẹlùjù. Ibi tí ènìyàn ti gbé rí tí ó sì tú ni à ń pè ní ahoro. Ibi tí a ń da ìdọ̀tí sí ni ààtàn. Ilẹ̀ etí odò tí ó tutù tí a lè gbin ẹ̀fọ́ sí ní ọ̀gbẹlẹ̀ ni àkùrọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá èyí tí ọkọ́ lè ṣe, ó ti di irà tàbí àbàtà nìyẹn. Pápá ní tirẹ̀ ni ilẹ̀ gbangba tí koríko bò. Ní ayé àtijọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni pápá máa ń di ohun tí gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, èyí sì ni ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí a bá ti iná bọ̀ ọ́. Bí pápá bá ń jó, ẹran á máa sá jáde, ọdẹ á dúró sí ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí, ajá rẹ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò máa gbọ̀n rìrì nítorí ìháragàgà. Nínú irú pápá bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n fi ń sọ pé ajá ìwòyí ni í mọ ehoro ìwòyí í lé. Nítorí náà, ajá àti pápá ti mọ ara wọn nílẹ̀ wa tipẹ́. Iṣẹ́ ni ó dà wọ́n pọ̀.

Ìtàn Ògún tilẹ̀ ṣe kedere ju èyí lọ. Nígbà tí àwọn òrìṣà ń ti òde ọ̀run bọ̀ wá sí ayé, a gbọ́ pé igbó kìjikìji dí wọn lọ́nà. Ẹni tí ó gbé àdá tí kì í ṣe irin kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Ògún ni ó fi àdá irin gé igbó náà, tí ó la ọ̀nà fún àwọn yòókù, tí wọ́n fi kí i ní Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ ohun tí Ògún ń jẹ: ajá ni. Ní Oǹdó, ní Ìrè-Èkìtì, níbi gbogbo tí ọdún Ògún ti lókìkí, ajá kò gbẹ́yìn nínú ètò náà. Bí a bá wá gbé èyí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Southwark, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà dojú dé gan-an. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ó bá tún ilẹ̀ ṣe ni à ń fi ajá fún. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n tún ilẹ̀ ṣe tán, wọ́n wá fi ilẹ̀ fún ajá. Àlọ́ wa náà kò sì gbàgbé pé ajá lè tún ilẹ̀ ṣe. Nínú àlọ́ ọdẹ àti àwọn ajá rẹ̀ mẹ́ta, tí púpọ̀ nínú wa gbọ́ lábẹ́ òṣùpá, orúkọ ajá kẹta ni Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé. Òun ni ó máa ń gbá ilẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí àwọn méjì àkọ́kọ́ bá ti ṣe iṣẹ́ tiwọn tán, tí ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ kò fi ní mọ̀ pé ìjà kankan ṣẹlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí sọ pé Yorùbá kò ka ajá sí. Ẹni tí kò bá ka nǹkan sí kì í sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ tí àwọn baba wa sì ń sọ ajá jinlẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń sọ ọmọ mìíràn lọ. Ẹlòmíràn a fi òwe sọ ajá rẹ̀, kí ó lè máa ké pè é létí aládùúgbò tí wọ́n jọ ń jà. Ajá á sáré wá, aládùúgbò á gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó gbọ́, kò sì ní rí ẹjọ́ rò. Ìgbà ìjọba òyìnbó ni ìbẹ̀rù ajá tí ń rìn gbéregbère wá di ọ̀rọ̀ òfin, nígbà tí àwọn wọlé-wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn kiri ìgboro nítorí àrùn dìgbòlugi. Wọn kò lé wọn láìnídìí, nítorí àrùn náà kì í ní ìwòsàn mọ́ bí ó bá ti hàn lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n òyìnbó tí ń lé ajá wa ní títì, ajá tirẹ̀ ń bẹ nínú ọgbà rẹ̀, lórí koríko tí ọmọ Yorùbá ń fi àdá gé ní òwúrọ̀ Sátidé.

Koríko yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1897 ni Ronald Ross fi hàn ní ilẹ̀ Íńdíà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Ní 1899, William MacGregor di gómìnà Èkó, oníṣègùn sì ni. Kò pẹ́ tí ó fi dojú kọ irà Kokomaiko tí ó wà láàárín Èkó àti Ìkòyí: wọ́n gbẹ́ odò àtọwọ́dá láti fa omi rẹ̀, orúkọ gómìnà náà ni odò náà sì ń jẹ́ títí wọ́n fi dí òun náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Láti ìgbà náà ni irà gbígbẹ àti koríko gígé mọ́lẹ̀ ti di àmì ìlera fún àwọn aláṣẹ. Ohun tí ó ṣe ni láàánú ni pé ìlera náà kò kárí. Ìkòyí di ibùgbé òyìnbó, ilé gbàràmù-gbaramu nínú ọgbà, pápá gọ́ọ̀fù lẹ́yìn rẹ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó ṣì wà bí ó ti wà, ojúlé lórí ojúlé. N kò lòdì sí koríko o. Ibi tí ó mú mi ronú ni pé ìgbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ tán ni a máa ń mọ ẹni tí wọ́n ń gbẹ ẹ́ fún.

Àwa náà ṣe pápá tiwa, a kò dúró de gómìnà kankan. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, kò sí ìlú tí kò ṣán igbó. Ilé-ìwé kò pé láìní pápá, nítorí náà ni àwọn baba ṣe gbé àdá àti ọkọ́, tí wọ́n hú kùkùté, tí wọ́n dí ihò òkété, tí àwọn ọmọ sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ pẹrẹsẹ títí tí gbégi fi gba gbogbo rẹ̀. Nínú ìlú ńlá, ohun tí a ti ṣe kò já geere. Pápá eré ẹṣin Èkó, níbi tí wọ́n ti sọ àsíá òyìnbó kalẹ̀ ní òru tí ó ṣáájú ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò ó ní 1972, ó di Tafawa Balewa Square. Ní òdìkejì, ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street, èyí tí wọ́n wó ní 1979, tí ó sì di ààtàn fún ìgbà pípẹ́, wọ́n kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù ní tirẹ̀. Theo Lawson ni ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì di Freedom Park ní 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún. Ẹni tí ó bá jókòó sórí koríko níbẹ̀ lónìí, ibi tí wọ́n ti ń ti ènìyàn mọ́lé ni ó jókòó sí. Àtúnṣe ilẹ̀ tí n kò lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí nìyẹn.

Ti Maroko kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí ilẹ̀ irà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island ni àwọn tálákà tẹ Maroko dó sí, àwọn Ìlàjẹ sì wà lára wọn, nítorí ẹni tí a bí sórí omi kì í sá fún irà. Wọ́n fi ìdọ̀tí, iyanrìn àti pákó kún un díẹ̀díẹ̀, bí agbára olúkúlùkù ti mọ. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó fi katapílà wó gbogbo rẹ̀. Iye tí a máa ń gbọ́ pé wọ́n lé jáde tó 300,000 ènìyàn. Lónìí, ilé olówó ni ó wà níbẹ̀. Ajá tí ó wà nínú àwọn ọgbà náà kò kéré níye.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí etí òkun tí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Ìlàjẹ ń sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni orísun àwọn, àwọn ará Ùgbò tilẹ̀ ní àwọn ti wà ní Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé, pé àwọn ni Ìgbò tí ìtàn Mọrèmi ń sọ. N kò fẹ́ bọ́ sínú àríyànjiyàn náà níhìn-ín. Ohun tí ó ṣe pàtàkì sí mi ni pé Ifẹ̀ yìí kan náà ni a ti ń sọ ìtàn bí ilẹ̀ ṣe ti inú omi jáde: omi ni ó gba gbogbo ayé, wọ́n ti ọ̀run gbé erùpẹ̀ díẹ̀ àti adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún wá, adìyẹ náà sì tan erùpẹ̀ káàkiri títí ó fi di ilẹ̀. Kò sí ẹ̀yà Yorùbá tí ìtàn náà bá mu tó àwọn tí ń gbé Abereke, Awóyè àti Ayétòrò.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé erùpẹ̀ náà kò sí. Ní Èkó, iyanrìn wà láàárín òkun àti ọ̀sà, ó gùn lọ bí ẹ̀yìn ẹja. Òun ni ó ń gba ìgbì òkun sára. Bí a bá ti ń lọ sí ìlà-oòrùn, tí a dé ilẹ̀ Màhín, iyanrìn náà á pòórá, ẹrẹ̀ ni òkun ń lù ní tààrà. Ẹrẹ̀ náà rọ̀, ó ń rì, kò sì lè gbé nǹkan tí ó wúwo. Nítorí náà ni àwọn Ìlàjẹ ṣe ń kọ́lé sórí òpó, pẹ̀lú pákó, ọparun àti ìko, tí wọ́n sì ń fi pákó ṣe ọ̀nà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947, àwọn ẹlẹ́sìn Séráfù kan tí inúnibíni lé kúrò nílé wọn wá tẹ Ayétòrò dó sórí irú ẹrẹ̀ báyìí. Ohun gbogbo ni wọ́n ní papọ̀: oko, ọkọ̀, àpò owó. Wọ́n la títì pákó gbàràgàdà, wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ odò àtọwọ́dá kí wọ́n lè máa gba ojú omi wọ inú ilẹ̀ lọ, wọ́n sì lówó ju àwọn ìlú àyíká wọn lọ títí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń ti òkè òkun wá wò wọ́n. Stanley Barrett kọ ìwé lé wọn lórí ní 1977, nígbà tí àjọní náà ti tú. Ọmọdé ibẹ̀ kò mọ pápá. Orí pákó ni wọ́n ti kọ́ ìrìn, orí pákó náà ni ajá wọn ń rìn.

Koríko kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a gbìn. Lẹ́yìn àwọn ìlú etí òkun náà, irà olómi dídùn ni ó wà, tí igi àti koríko kún inú rẹ̀ bámúbámú. Gbòǹgbò wọn ni ó di ẹrẹ̀ náà mú. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ odò àtọwọ́dá láti inú òkun wọ inú irà náà ní àwọn ọdún 1970, kí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ wọn lè wọlé, omi iyọ̀ gba ojú ọ̀nà náà wọlé pẹ̀lú wọn. Igi tí kò mọ iyọ̀ kú, koríko tẹ̀lé e, ẹja omi dídùn sì di ohun àwátì. Bí gbòǹgbò bá ti jẹrà, ẹrẹ̀ á tú, á sì wálẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá ti wálẹ̀, òkun kò ní iṣẹ́ méjì mọ́. Ní Awóyè ni ìparun náà ti kọ́kọ́ hàn kedere jù. Ẹ̀dùn-ọkàn yìí wà lára ohun tí ó gbé àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ sí orí ibùdó epo Parabe ti Chevron lójú òkun ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1998. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rọ hẹlikópítà gbé àwọn ológun dé, wọ́n yìnbọn, ènìyàn méjì kú. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ San Francisco ní Amẹ́ríkà; ní oṣù kejìlá ọdún 2008, àwọn ìgbìmọ̀ ará ìlú tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà dá Chevron láre. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ni àwọn amòfin kọ lórí ẹjọ́ náà. Nípa koríko tí ó kú, ẹnikẹ́ni kò tún un gbìn.

Ní 2004, àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdènà òkun Ayétòrò jáde fún agbaṣẹ́ṣe. Iṣẹ́ náà kò parí. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, ní 2009, ní nǹkan bíi kìlómítà àádọ́jọ sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Eko Atlantic ní etí Victoria Island. Ọkọ̀ tí ń fa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun ń tú u sójú ibi tí omi wà, wọ́n to òkúta ṣe odi yí i ká, ilẹ̀ tuntun sì yọ, ètò rẹ̀ tó hẹ́kítà 1,000. Ìtàn adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni ó tún ṣẹlẹ̀ lójú wa, ṣùgbọ́n mítà ni wọ́n fi ń ta ilẹ̀ ti ìsinsìnyí. Àwọn ọlọ́gbọ́n kan lè sọ pé Èkó ní iyanrìn nítòsí, Ìlàjẹ kò ní, àti pé ohun tí ẹrẹ̀ Màhín lè gbé kéré. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Southwark kò ní iyẹ̀pẹ̀ dúdú nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, òkúta ilé àwókù ni ó ní. Wọ́n gbé iyẹ̀pẹ̀ wá láti ibòmíràn, wọ́n sì fi ọgbọ̀n ọdún ṣe é.

Ní Ayétòrò, òkun ti gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé, ó gba ibi ìsìnkú, ó gba àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ tí wọ́n sì ti ń kan ọkọ̀. Bí ìgbì bá ti sún mọ́ ilé kan, àwọn onílé á yọ pákó àti òpó tí ó bá ṣì dára, wọn á gbé e sẹ́yìn, wọn á tún un kàn sórí ẹrẹ̀ tí ó kù. Àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.